Ilẹ̀ mẹ́ta, pákí kan: níbo ni kí n gbé iléeṣẹ́ yìí sí?

Ìyá Fùfú:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ta fùfú àti láfún l'Ékòó. Orí igbá ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ilé ìtajà ńlá ní Ìkẹjà àti Sùúrùlérè ni mò ń kó o fún báyìí. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é lábúlé ni mo ti ń rà á, wàhálà rẹ̀ sì ti sú mi. Lónìí á funfun báláú, lọ́la iyanrìn á máa ró lẹ́nu oníbàárà. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Houston ti wá fẹnu kò pé a ó dá iléeṣẹ́ tiwa sílẹ̀: fùfú alẹ́bú, láfún, àti sítáàṣì bí owó bá tó o. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà á máa jẹ tọ́ọ̀nù 20 pákí lójúmọ́.

Ilẹ̀ ló kù. Ọ̀kan wà ní Ọ̀tà, ilé ẹrù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, a ó kàn máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Owó náà ga, àmọ́ iná wà, páìpù gáàsì sì gba iwájú òpópó yẹn kọjá. Èkejì jẹ́ éékà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò jìnnà sí Ṣàgámù, ọmọ onílẹ̀ ló ń tà á. Ẹ̀kẹta, éékà 10 láàárín Ìsẹ́yìn sí Adó-Àwáyé, ilẹ̀ ẹbí ìyá wa ni. Wọ́n ní kí a wá mú un, pé kí a kàn ra ọtí àti obì wá.

Àbúrò mi ní Ọ̀tà ni. Ọkọ mi ní Ṣàgámù. Ìyá wa kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú mìíràn ju Ìsẹ́yìn lọ. Ẹ̀yin tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, kí lẹ kọ́kọ́ máa wò? Ẹ má fi bò fún mi o, owó àjọ ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Fùfú. Jọ́gíráfì ni mo kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ibi tí a ń gbé iléeṣẹ́ sí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí mo fẹ́ràn jù láti kọ́ wọn. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Alfred Weber, ló kọ ìwé lé e lórí ní 1909. Tí ẹ bá fọ́ gbogbo ìṣirò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ aláàárù ni. Kí aláàárù tó gbẹ́rù, ohun méjì ló máa bi yín: báwo ló ṣe wúwo, níbo ló ń lọ?

Ẹ wo pákí tútù. Nínú tọ́ọ̀nù kan, omi ló kó bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún yọ èèpo kúrò. Tọ́ọ̀nù 20 tó bá wọlé, tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí márùn-ún ìyẹ̀fun ló ń jáde. Ọkọ̀ márùn-ún wọlé, ọ̀kan jáde. Tí ẹ bá wá wà ní Ọ̀tà, tí pákí ń ti Òkè-Ògùn, agbègbè Ìsẹ́yìn yẹn, bọ̀, omi àti èèpo lẹ ń fi dísẹ́ẹ̀lì gbé wọ Ọ̀tà. Yàtọ̀ sí èyí, pákí tí a bá ti wú kì í dúró deni. Kó tó di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Tírélà kan bà jẹ́ lọ́nà ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, títí di ọjọ́ Ajé ẹran ọ̀sìn ló ni í.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Èwékorò, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ibẹ̀ ni òkúta rẹ̀ wà, òkúta náà sì wúwo ju sìmẹ́ńtì tí ó máa dà lọ, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń bá èéfín lọ nínú iná. Ìbèsè náà, ìdí kan náà ni. Ẹ wá wo òdì kejì rẹ̀: bíà. Omi ló pọ̀ jù nínú bíà, omi sì wà káàkiri, nítorí náà ẹ̀bá ẹni tó ń mu ún ló yẹ kí a ti máa pọn ọn. Wọ́n ti ń pọn bíà ní Iléṣà láti 1978. Ta ló rí ẹni tó gbé omi inú ọ̀rá láti Ṣakí lọ tà ní Mushin rí?

Ní tèmi, Ìsẹ́yìn ni. Ìyá yín kò jẹ̀bi.

Sànmọ̀rí Ọ̀tà:
Bàbá Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìṣirò yín. Àmọ́ iná kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ ìyẹ̀fun ni mò ń bójú tó, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Kì í ṣe rírin pákí ló ń pa iléeṣẹ́ pákí, gbígbẹ ni. Láfún tí ẹ̀ ń sá sórí àpáta, oòrùn ló ń bá yín gbẹ ẹ́, oòrùn kì í gbowó. Ilé ìtajà ńlá kò ní gba ti orí àpáta lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ lẹ máa lò, ẹ̀rọ yẹn á sì máa jẹ ooru láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹni tó bá ń fi dísẹ́ẹ̀lì dáná fún un, èrè rẹ̀ ló ń sun. Gáàsì inú páìpù tó wà ní Ọ̀tà àti apá Agbára yẹn, ìyẹn nìkan tó ìdí láti san owó ilé tó ga. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ máa ra gáàsì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá, tàbí kí ẹ máa sun èèpo èkùrọ́. Èèpo èkùrọ́ dára, mo ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ó pọ̀ lágbègbè yẹn, torí ilẹ̀ ọ̀dàn ni, kì í ṣe oko ọ̀pẹ.

Iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́? Ilé iná kan náà ló ń pín in fún Ọ̀tà àti Ìsẹ́yìn, ẹ má bèèrè orúkọ ìlú, fídà, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọ àdúgbò, ni kí ẹ bèèrè. Láti 2020 tí wọ́n ti pín wa sí Band, ìyẹn ìpele wákàtí iná, ẹni tó wà ní Band A ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lóòjọ́, oṣù Kẹrin 2024 sì ni wọ́n fi owó tirẹ̀ sókè gan-an. Má gba ohun tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá sọ gbọ́. Lọ bá obìnrin tó ń ta áìsì bulọ́ọ̀kù ní àdúgbò yẹn. Tí áìsì rẹ̀ bá yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó ti dá ọ lóhùn. Lẹ́yìn rẹ̀, bi wẹ́dà.

Bọ̀dá Peckham:
Ẹ̀yin ará, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ Lẹ́kìí? Wọ́n ti ṣí èbúté ńlá síbẹ̀ ní 2023, fírísóònù, agbègbè tí kò sí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, wà, àwọn òyìnbó ń wọ̀ ọ́. A lè máa kó fùfú lọ sí London láti ibẹ̀ tààrà. A ń jẹ ẹ́ níbí o, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Sànmọ̀rí Ọ̀tà:
Bọ̀dá, Lẹ́kìí dára fún ẹni tí ohun èlò rẹ̀ ń ti ojú òkun wọlé tàbí tí ọjà rẹ̀ ń gba ojú òkun jáde. Rìfáínárì tó wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn. Pákí kì í wọkọ̀ ojú omi wá. Bí wọ́n bá sì ṣe nǹkan nínú fírísóònù, tí wọ́n fẹ́ tà á fún wa nílé, kọ́sítọ́ọ̀mù á dúró lẹ́nu géètì. Ìkẹjà ni Ìyá Fùfú ń tajà sí. Tó bá di pé Peckham ń jẹ kọ̀ǹténà méjì lóṣù, ẹ pè wá.

Ọmọ Òkè-Ògùn:
Ẹ jẹ́ kí onílé sọ̀rọ̀.

Òótọ́ ni pé pákí wà lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ohun tí iléeṣẹ́ ń jẹ ni pákí tí kò tíì ní olówó, ìyẹn kì í sì í pọ̀ bí pákí tí ojú ń rí nínú oko. Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yẹn, ẹ bèèrè ẹni tó ń ra pákí níbẹ̀ báyìí. Psaltry ti wà ní apá Adó-Àwáyé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àárín oko ni wọ́n gbé iléeṣẹ́ sítáàṣì wọn sí tí àwọn àgbẹ̀ sì ń gbin pákí fún wọn. Ọgbọ́n gidi ni, ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ẹ fojú sùn, ó ṣeé ṣe kó ti ní oníbàárà. Àwọn oní-gàrí náà wà níbẹ̀. Lọ́dún tí gàrí bá wọ́n, àgbẹ̀ kò ní rántí àdéhùn tí ẹ jọ fọwọ́ sí, ẹni tó bá dúró sí orí oko pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ló máa wú u.

Ìgbà náà tún wà ńbẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ilẹ̀ wa le bí òkúta. Ọkọ́ á dún gbàgà, pákí á já sínú ilẹ̀, owó àwọn tó ń wú u á sì gòkè. Àmọ́ ìyẹ̀fun pọ̀ nínú pákí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, tó tún rúwé tuntun, wíwú á rọrùn, ṣùgbọ́n omi lẹ máa máa fún jáde. Tọ́ọ̀nù 20 ti oṣù Kejì àti tọ́ọ̀nù 20 ti oṣù Karùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ fi ti oṣù Karùn-ún ṣe ìṣirò yín.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kà sí: àwọn ìyá tó ń bẹ pákí. Tọ́ọ̀nù 20 lójúmọ́, ọwọ́ púpọ̀ lẹ nílò. Lábúlé, iye agbọ̀n tí kálukú bá bẹ ni wọ́n ń san owó fún, wọ́n á gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n á gbé ọ̀bẹ tiwọn wá láti ilé. Ní Ọ̀tà, ẹ máa wá òṣìṣẹ́ olóṣooṣù, iléeṣẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín á sì fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kún un gbà wọ́n lọ́wọ́ yín.

Ààbò: mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọ̀nà oko kan wà tí àwa fúnra wa kì í gbà lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ bi baálẹ̀, ẹ bi àwọn ọlọ́kadà, kí ẹ sì bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bàbá Tírélà:
Mo ti ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù láti ìgbà tí Ògèrè ṣì jẹ́ ibi tí a ti ń jẹ iṣu. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn.

Ẹ má wo ọ̀nà ọlọ́dà. Ọ̀nà Mòníyà sí Ìsẹ́yìn ti dára báyìí, ó ti yàtọ̀ sí ìgbà tí a máa ń sun sójú ọ̀nà ibẹ̀. Ibi tí ọ̀dà ti parí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Kìlómítà márùn-ún tó kẹ́yìn, tó wọ inú oko, ló máa ń pa wá. Ẹ rí afárá onígi tó gbé ọ̀kadà? Kò ní gbé Kántà tó di pákí. Bí ọ̀nà yẹn bá bà jẹ́, awakọ̀ kò ní wá, tàbí kó gba owó ìlọ́po méjì, kó sì máa bú yín bó ṣe ń bọ̀.

Ẹ tún bèèrè ohun tó ń wá ọkọ̀ lọ sí ìlú náà. Ọkọ̀ tó bá kó sìmẹ́ńtì tàbí ọṣẹ lọ sí Òkè-Ògùn fẹ́ rí ohun gbé padà. Lásìkò iṣu àti àgbàdo, ó ti rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, òfo ló ń bọ̀, owó tó máa gbà lọ́wọ́ yín kò ní tó ìdajì ti ẹni tó gbéra l'Ékòó torí yín nìkan. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ìyẹ̀fun? Kò kún igun kan nínú tírélà. Ẹ máa kó o jọ di ọjọ́ márùn-ún.

Ìyẹn ti ẹ̀bá márosẹ̀: ẹ̀bá márosẹ̀ kì í ṣe ojú márosẹ̀ o. Ẹ wò ó bóyá ibi tí ọkọ̀ ti lè yà wà nítòsí. Mo mọ ilé ẹrù kan tí ẹ lè rí látinú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ẹnu géètì rẹ̀, ẹ máa lọ yípo níwájú pátápátá, ẹ máa san owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ọmọ kan, kí ẹ tó padà.

Ìyá Ìbejì:
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ omi. Ẹkún ni mo fẹ́ sun yìí.

Apá Abẹ́òkúta ni mo gbé gàrí àti sítáàṣì mi sí. Mo ra ilẹ̀, mo mọ sẹ́ẹ̀dì, mo gbé ẹ̀rọ wá, gbogbo rẹ̀ pé. Ó wá ku bóhòlù. Ẹni tí mo gbé iṣẹ́ fún kò fi ẹ̀rọ kankan wo ilẹ̀, igi kan ló gé, ó ń fi rìn kiri, ó ní igi ń tẹ̀ síbí. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n bá òkúta pàdé. Wọ́n tún gbẹ́ òmíràn, omi ibẹ̀ kò tó fún ẹni méjì láti wẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo fi ra omi tánkà. Sítáàṣì lè mu omi tó ju ìwọ̀n pákí fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa fọ̀ ọ́, ẹ máa sẹ́ ẹ, ẹ máa dà á nù. Omi tánkà kò lè gbé iléeṣẹ́ sítáàṣì dúró. Mo pa sítáàṣì tì, gàrí nìkan ni mò ń yan báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ rí Òkúta Olúmọ, ẹ rò pé òkè nìkan ló wà? Ìsàlẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, orí òkúta ni gbogbo wa jókòó lé. Omi wà níbi tí òkúta ti sán tàbí tó ti jẹrà nìkan, ó lè wà níbí kó má sí ní ogún ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ṣàgámù àti Ọ̀tà yàtọ̀, ilẹ̀ tiwọn jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ orí ara wọn, omi ibẹ̀ rọrùn láti rí. Nítorí náà, Ìyá Fùfú, bí ẹ bá fẹ́ ti Ìsẹ́yìn, ẹ wá onímọ̀ ilẹ̀ tó máa fi iná mọ̀nàmọ́ná wo abẹ́ ilẹ̀ KÍ Ẹ TÓ mú ilẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó bóhòlù kan tó gbẹ.

Omi tó ń jáde náà ńkọ́? Omi tí a fún lára pákí ní oró nínú. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, ẹ wo bí koríko ṣe kú lójú ọ̀nà tí omi yẹn ń gbà, òórùn rẹ̀ sì nìyẹn. Tó bá wọ odò, ẹja á léfòó. Tó bá wọ kànga aládùúgbò, ẹ̀yin àti ọlọ́pàá ni. Kí ẹ tó yan ibì kankan, ẹ dúró sí àárín rẹ̀, kí ẹ bèèrè pé: omi mi máa ṣàn lọ sí ọ̀dọ̀ ta? Kòtò mẹ́ta tí ẹ máa gbẹ́ tẹ̀ léra kí omi máa silẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó nílò ilẹ̀. Éékà méjì ti Ṣàgámù yẹn lè má gbà á. Ọ̀tà tí ilé fara ti ilé, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. NAFDAC náà kì í fẹ́ rí iléeṣẹ́ oúnjẹ láàárín ilé àwọn ènìyàn, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkìtàn.

Èèpo kì í ṣe wàhálà. Àwọn tó ń sin ewúrẹ́ á wá kó o, láìpẹ́ wọ́n á máa sanwó.

Awọnlẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jẹ́ kí n dá sí èyí tó kan iṣẹ́ mi.

Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń tà fún yín ni ẹ̀tọ́ tó kù sí i lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ yẹn lè ti tán láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, torí ìjọba lè ti gba àgbègbè náà láti ayé bàbá rẹ̀. Ẹ má gba sọ́fè tí ẹni tó ń tà á gbé fún yín. Ẹ mú awọnlẹ̀ tiyín lọ, kó ká nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Òkè-Mosàn fún Ògùn, ní Àgọ́dì fún Ọ̀yọ́. Wọ́n á fi sórí máàpù, wọ́n á sọ fún yín bóyá ó mọ́.

Ní ti ẹ̀bá márosẹ̀, ojú mi ti rí. Oníbàárà mi kan ra éékà méjì bíi tiyín, inú rẹ̀ dùn pé ó kan títì. A yọ ìwọ̀n tí òfin ní kí ilé fi jìnnà sí títì ìjọba àpapọ̀. A tún yọ abẹ́ wáyà iná ńlá tó dábùú igun kan. Páìpù wá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tó kù, tábìlì ayò ló lè gbà. Ẹni tó tà á fún un ṣì ń kí i lóṣooṣù, ó ń gba owó fandéṣọ̀n fún ilé tí kò lè kọ́.

Ilẹ̀ ẹbí: ọ̀fẹ́ ló máa ń wọ́n jù. Tí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí i, òfo ni lójú òfin. Tí olórí ẹbí bá dá nìkan ṣe é láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n ṣì lè gba ilé ẹjọ́ yí i padà. Ilẹ̀ ẹbí ìyá lẹ sọ. Ìyá yín ní ẹ̀tọ́, a kò jiyàn. Ẹ kàn dúró dìgbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹ máa rí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá yín tí ẹ kò gbúròó rí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwé, kí gbogbo ẹ̀ka ẹbí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì san nǹkan tó ṣeé kọ sórí rìsíìtì, ọtí àti obì kò ní rìsíìtì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ gba C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gómìnà, ọdún 99 ni ó máa ń jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ yáwó ní báńkì lọ́jọ́ iwájú, òun ni wọ́n máa bèèrè. Ẹ bi ilé iṣẹ́ àyíká náà léèrè bóyá iṣẹ́ yín wọ abẹ́ òfin 1992 tó ní kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí iléeṣẹ́ máa fà bá àyíká. Kí ẹ bèèrè ṣáájú ìpìlẹ̀ sàn ju kí wọ́n wá ti géètì pa.

Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án. Gbogbo ilẹ̀ ló rẹwà ní oṣù Kejì. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, omíyalé Ògùnpa ti oṣù Kẹjọ 1980, àti omíyalé ti oṣù Kẹjọ 2011. Ẹ wo ara ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí, omi máa ń fi ìlà sílẹ̀.

Ìyá Fùfú:
Orí mi ti gbóná o. Ọ̀tà ní gáàsì, kò ní ibi tí omi pákí ń lọ. Ìsẹ́yìn ní pákí, mi ò mọ̀ bóyá ó ní omi. Ìyá mi sì ti ń sọ fún àwọn ará ilé wọn pé mò ń bọ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìyẹn gan-an ló mú mi padà wá. Ẹ má jẹ́ kí "ilé wa ni" pinnu fún yín, bí mo tilẹ̀ ti sọ pé Ìsẹ́yìn ló wù mí. Ìjọba ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tí wọ́n ti ń na irin ní nǹkan bí 1980, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: Òṣogbo, Jos àti Katsina. Irin tí wọ́n máa nà, Aládjà létí Warri àti Àjàòkúta ló yẹ kó ti wá. Ẹ fi ojú inú wo irin tó kúrò létí Warri, tó ń lọ dé Katsina létí aginjù, kí wọ́n tó tún gbé e padà wá fún ẹni tó ń kọ́lé l'Ékòó. Ọ̀nà ojú irin láti Ìtakpè, níbi tí òkúta irin wà, gba Àjàòkúta lọ sí Warri, 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2020 ni wọ́n ṣí i. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀ gbà, irin kò rí ọ̀nà gbà.

Ṣé ẹ ò lè pín iṣẹ́ náà sí méjì? Kí ẹ bẹ, kí ẹ rin, kí ẹ fún un lápá oko, kí ẹ wá gbẹ ẹ́ ní Ọ̀tà. Pákí tí a ti bẹ tí a sì ti fún, ìwọ̀n rẹ̀ á ti dín tó ìdajì.

Sànmọ̀rí Ọ̀tà:
Ó ṣeé ṣe fún fùfú, torí fùfú ti kan tẹ́lẹ̀, wákàtí díẹ̀ lójú ọ̀nà kò bà á jẹ́. Fún sítáàṣì, rárá o. Tó bá kan, oníbàárà á dá a padà. Bàbá Tíṣà, ẹ tún ti borí mi díẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí sítáàṣì. Ẹ gbọ́ tèmi.

Ìyá Fùfú:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ti Ṣàgámù ti kú. Awọnlẹ̀ mi gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí Òkè-Mosàn, apá kan rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ẹni tó ń tà á ní kí n má dá wọn lóhùn, pé "àwa la ni ilẹ̀". Mo kí i, mo wọkọ̀.

Ní Ọ̀tà, mo wá obìnrin aláìsì lọ gẹ́gẹ́ bí Sànmọ̀rí ṣe wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iná wà, kò ní irọ́ nínú. Mo wá bi í pé níbo ni omi ń ṣàn lọ. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀.

Mo wá lọ sí Ìsẹ́yìn. Onímọ̀ ilẹ̀ na wáyà ní ibi mẹ́rin nínú éékà 10 yẹn, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló lò. Ibi mẹ́ta, òkúta gidi. Ibì kan, ní ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìrókò, ó ní òkúta ibẹ̀ ti sán, omi wà. Inú mi fẹ́ máa dùn ni mo rí àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń gba ìsàlẹ̀ yẹn kọjá pẹ̀lú korobá lórí. Odò tí abúlé ń mu kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sí ìdí ìrókò náà. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni bóhòlù máa wà, òkè ni sẹ́ẹ̀dì máa wà, ní òdìkejì níbi tí ilẹ̀ ti dà sí ọ̀nà oko. Ibẹ̀ ni kòtò mẹ́ta máa wà, kò sí ẹni tó ń pọn omi lápá ibẹ̀. Owó páìpù á gbowó lórí, mo gbà.

Ẹbí jókòó ní ọjọ́ Àìkú, ọkùnrin mẹ́sàn-án àti obìnrin mẹ́rin. Àwọn méjì kò fọwọ́ sí i títí a fi kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọmọ wọn la máa kọ́kọ́ gbà síṣẹ́. Lọ́yà ní kò burú.

A máa ṣe fùfú tútù níbẹ̀ fún ọdún kan, a ó máa kó o wá gbẹ lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ní ẹ̀rọ ní Ọ̀tà, a ó san owó iṣẹ́ fún un. Sítáàṣì dúró ná. Àbúrò mi bínú fún ọjọ́ méjì, ó ti wá fi owó bóhòlù ránṣẹ́.

Bàbá Tírélà, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ló máa ń ṣófo bọ̀ láti Ìsẹ́yìn, ọjọ́ wo sì ni?

Bàbá Tírélà:
Ọjọ́rú àti Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá já sìmẹ́ńtì tán. Ẹ ní kí wọ́n gbá inú ọkọ̀ mọ́ dáadáa o, kí ẹ sì tẹ́ tapólì sí i. Fùfú aláwọ̀ eérú kò ní tà ní Ìkẹjà.